Ìdí Tí Eríà Kan Fi Dọ̀bálẹ̀ Tí Èkejì Sì Dúró Lórí Ẹlikọ́pítà Kékeré

Nígbà láéláé, nígbà tí òòlù ṣì ń bá ìṣó fa ọ̀rọ̀, tí ayùn sì máa ń sọ pé "pẹ̀lẹ́ o" kí ó tó gé pákó, eríà méjì orí ẹlikọ́pítà kékeré kì í ya ara wọn. Wọ́n máa ń dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, bí ẹsẹ̀ lékelèéke.

Káfíńtà kan wà nígbà náà tí ń jẹ́ Lásísì. Bí ó bá ti kan àga àti tábìlì àwọn oníbàárà rẹ̀ tán, ẹlikọ́pítà kékeré ni ó máa ń tò fún ìgbádùn ara rẹ̀. Èyí tí ó fẹ́ràn jù kò tóbi ju adìyẹ tó ń sàba lọ. Kò sí ẹni tó ń jókòó sínú rẹ̀. Lásísì á dúró sórí ilẹ̀, á mú rìmóòtù dání, rìmóòtù á sì máa pàṣẹ fún un láti òkèèrè. Fẹ̀rẹ̀ ni ó sọ ọ́.

Eríà méjèèjì ni etí Fẹ̀rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n, wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Inú àpótí kan náà ni wọ́n ti jáde lọ́jọ́ kan náà. Lásísì pe èyí tó kọ́kọ́ yọ ní Táyélolú, ó sì pe èyí tó tẹ̀lé e ní Ọmọ́kẹ́hìndé.

"Ohun tí a bá ṣe fún Táyé ni à ń ṣe fún Kẹ́hìndé," ni Lásísì wí. Òun náà bí ìbejì, nítorí náà ó dá a lójú pé òun mọ ohun tí òun ń sọ. Ó gbé àwọn méjèèjì nàró sí ẹ̀yìn Fẹ̀rẹ̀, ó sì fi sẹ́lótéèpù kan ṣoṣo dì wọ́n pọ̀.

Inú Táyélolú dùn sí ibẹ̀. Ó fẹ́ràn afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ràn kí òrùlé ilé máa kéré sí i lábẹ́ òun. Ohun kan ṣoṣo ni kì í fẹ́ gbọ́: pé Ọmọ́kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n òun.

"Òun ló rán ọ pé kí o lọ tọ́ ayé wò," ni Bátìrì inú Fẹ̀rẹ̀ máa ń sọ fún un. Bátìrì sanra, ó sì fẹ́ràn ẹjọ́ dídá. "Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni àbúrò."

"Èmi tí mo kọ́kọ́ rí oòrùn?" Táyélolú á gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì. "Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún Kẹ́hìndé, ẹ fi mí so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀!"

Ọmọ́kẹ́hìndé á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ọjọ́ kan, Lásísì gbé Fẹ̀rẹ̀ lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé. Rìmóòtù pariwo pé, "Gbéra!" Àwọn eríà gbọ́, wọ́n wí fún Fẹ̀rẹ̀, Fẹ̀rẹ̀ sì gbéra. "Yà sọ́tùn-ún!" Ó yà sọ́tùn-ún. "Ó yá, gba òkè orí ọ̀gá kọjá!"

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀gangan orí Lásísì gẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ́lọ́. Táyélolú tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Fẹ̀rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì já lulẹ̀ gbì! sínú oko ẹ̀gẹ́.

Lásísì tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ibi kan náà ni wọ́n dé tí etí wọn tún di. Orí èlùbọ́ tí Ìyá Ìbejì, ìyàwó Lásísì, sá sórí àpáta ni Fẹ̀rẹ̀ já sí lọ́tẹ̀ yìí. Lásísì funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé ẹlikọ́pítà yìí ló fẹ́ bá mi ro ọkà lónìí ni?"

"Má dá mi lóhùn, jọ̀ọ́." Lásísì gbọn èlùbọ́ kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bí ó bá tún já, mo máa tú u palẹ̀. Inú agolo ìṣó dídípẹtà yẹn ni gbogbo rẹ̀ máa lọ."

Táyélolú wo agolo náà lórí pẹpẹ. Ó ṣókùnkùn nínú, afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ìbẹ̀rù náà sì di ìbínú.

"Kẹ́hìndé, o sùn lójú ọ̀run!"

"N ò sùn. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan ni."

"O sùn! Ọ̀lẹ ni ọ́ láti inú àpótí. Gbogbo ènìyàn á jáde, ìwọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yán. Kí lo tiẹ̀ tẹ̀lé mi wá sáyé ṣe?"

Ọmọ́kẹ́hìndé kò fèsì. Kò fèsì lọ́jọ́ náà, kò fèsì lọ́jọ́ kejì. Sẹ́lótéèpù kan náà ṣì dì wọ́n pọ̀, síbẹ̀ bí ẹni pé odò wà láàárín wọn. Táyélolú gbìyànjú láti bá Bátìrì ṣàwàdà.

"Má bá mi sọ̀rọ̀," ni Bátìrì wí. "Ẹni tó bú ìkejì rẹ̀, kí ó lọ bẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí ìjà náà di ọjọ́ kẹta, Lásísì tún gbé Fẹ̀rẹ̀ jáde. Agolo wà ní abíyá rẹ̀. Táyélolú rí i, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀: "Bí ó bá jẹ́ pé inú agolo ni a ń lọ lónìí, n ò fẹ́ kí ìjà yìí bá wa wọ ibẹ̀."

Sẹ́lótéèpù ti tú díẹ̀ nígbà tí wọ́n já. Táyélolú fa ara rẹ̀ yọ, ó sì nà gbalaja síwájú ìkejì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Ọmọ́kẹ́hìndé dúró gbọnrangandan. "Kí lo pè mí?"

"Ẹ̀gbọ́n."

"Tún un pè, n ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ̀gbọ́n mi, Ọmọ́kẹ́hìndé!"

Bátìrì bú sẹ́rìn-ín débi pé ara rẹ̀ gbóná. Ọmọ́kẹ́hìndé la ẹnu láti sọ pé "dìde", ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ Fẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wùùùù, kò sì ráàyè sọ ọ́. Wọ́n ti wà lókè. Ọ̀kan dúró, ọ̀kan dọ̀bálẹ̀.

"Gba òkè orí ọ̀gá kọjá!" ni Rìmóòtù wí.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, Ọmọ́kẹ́hìndé kígbe pé, "Táyé, etí mi ti di!"

"Tèmi ò di!" Táyélolú gbọ́ Rìmóòtù ketekete. "Ó ní ká máa lọ tààrà!"

Fẹ̀rẹ̀ lọ tààrà. Nígbà tí ó jìnnà, ó yí padà, ó kọjú sí Lásísì. Orí Táyélolú wá kọ sí ọ̀gá gan-an, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi ló di wàyí!"

"Fọkàn balẹ̀, mo ń gbọ́. Ó ní ká rọra bọ̀."

Ìgbà náà ni wọ́n mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Eríà kì í fi ṣóńṣó orí gbọ́rọ̀, kì í sì í fi ìdí gbọ́ ọ. Ìhà ló fi ń gbọ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ nàró, ìdí wọn jọ ń kọ sí Rìmóòtù lókè orí ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì jọ ń dití.

Wọ́n yí pápá po lẹ́ẹ̀meje, wọ́n sì balẹ̀ jẹ́jẹ́ síwájú ẹsẹ̀ Lásísì. Lásísì fi agolo lu orúnkún rẹ̀, ó ń jó. Lẹ́yìn náà ni ó wá rí Táyélolú tó nà gbalaja.

"Áà, èyí ti ṣubú." Ó na ọwọ́ láti gbé e dìde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Táyélolú ju ti ìgbàkígbà rí lọ. "Ọ̀gá, ẹ má gbé mi o!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìyá Ìbejì wí láti ẹ̀yìn.

"Ìbejì ni wọ́n! Ohun tí a bá ṣe fún Táyé..."

"Bàbá Ìbejì, ta ló ń tẹ́ni fún àwọn tiwa? Ọ̀kan ń sùn lóòró, èkejì ń sùn ní ìbú, ó tiẹ̀ tún ń gbá mi nípàá. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ṣé wọn kì í ṣe ìbejì mọ́ ni?"

Lásísì ronú, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wá ọ̀pá bírò kan tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, ó gé e sí méjì ọgbọọgba, ó fi èyí àkọ́kọ́ gbé Ọmọ́kẹ́hìndé nàró, ó sì fi èkejì tẹ́ Táyélolú ní ìbú. Ó gbé àwọn méjèèjì jìnnà sí irin àti sí ariwo ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n lè máa gbọ́ Rìmóòtù dáadáa. Àwọn tó ń to ẹlikọ́pítà wá wò ó, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Táyélolú wí nígbà tó yá, "ìdọ̀bálẹ̀ yìí ti pẹ́ o. Ẹ ò ní ní kí n dìde ni?"

"Kí o dìde kí a já?" ni Ọmọ́kẹ́hìndé wí. "Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ tó yìí?"

Láti ọjọ́ náà ni eríà kan ti ń dúró, tí èkejì sì ń dọ̀bálẹ̀ lórí gbogbo ẹlikọ́pítà kékeré. Kò tíì sí ẹ̀gbọ́n kan lórí wọn tó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé "dìde", kò sì sí àbúrò kan tó bínú sí i.