Ẹni Tó Wà Nínú Ojú Agbọ́n

Fọlárìn ayàwòrán ní Ìkirun kò ní ju ojú kan tó ríran lọ. Èyí òsì ti kú láti kékeré. Ọ̀tún yìí ló fi kọ́ṣẹ́, òun ló fi fẹ́yàwó, òun náà ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí fóònù wá dé, tí oníkálukú ń ya ara rẹ̀, àwọn oníbàárà ò wá mọ́. Fọlárìn ní kò burú, òun yóò máa ya ohun tí fóònù ẹnikẹ́ni kò lè yà: ojú kòkòrò.

Oṣù mẹ́jọ ló fi to ẹ̀rọ tí yóò fi yà á jọ. Ó tú mọ́tò kékeré inú púríńtà tó ti bàjẹ́, ó so ó mọ́ irin tí dúrọ́ọ̀ fi ń yọ́ wọlé yọ́ jáde, ó gbé kámẹ́rà lé e, ó sì fi awò maikirosíkóòpù àlòkù sí i lẹ́nu. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á sún síwájú díẹ̀, díẹ̀ tí kò tó ìdá mẹ́wàá irun orí, á yàwòrán, á tún sún. Ọ̀ọ́dúnrún àwòrán ni yóò yà kí kọ̀ǹpútà tó pa gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan tó mọ́ kedere. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ mì. Bí ewúrẹ́ bá sín lójúde, iṣẹ́ bàjẹ́.

"Bàbá Dúró," ni Ṣíjúadé ìyàwó rẹ̀ wí, "àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń ya ìyàwó. Agbọ́n ni tiyín."

"Agbọ́n kì í ní kí n tún òun yà nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun tóbi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣíjúadé lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Fọlárìn gún òkú agbọ́n mọ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì, ó jókòó, ó rọra ń mí bí olè. Àwòrán ti ń lọ sí igba nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

"Àgò o."

Ohùn náà kò jọ ti ẹnì kankan tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yí padà kí iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ṣòfò? Ó dáhùn láìbojúwẹ̀yìn: "Àgò yà."

Kò gbọ́ ẹsẹ̀. Kò gbọ́ ìkíni. Àmọ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tutù bí ẹni pé wọ́n ṣí fìríìjì sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ parí, tó yíjú padà, kò sẹ́nì kankan.

Ṣíjúadé dé bá a níbi tó ti ń ṣí àwòrán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú agbọ́n ń dán bíi dígí dúdú: fèrèsé wà nínú rẹ̀, Fọlárìn wà nínú rẹ̀. Nínú àwòrán tó pé igba, ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba. Nínú èyí tó pé igba ó lé ogún, ó ti wọlé. Nínú èyí tó pé igba ó lé ọgọ́ta, ó ti dé ẹ̀yìn àga.

"Ta nìyí?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló ní kó wọlé?" Fọlárìn ní ẹnì kan ló ké àgò, òun sì dá a lóhùn láìbojúwẹ̀yìn. "Bàbá Dúró! Ẹ dáhùn àgò ẹni tẹ́ ẹ ò rí?"

"Mi ò fẹ́ kí àwòrán bàjẹ́ ni."

Ó tún ṣí òmíràn. Ọwọ́ gígùn kan ti kọjá èjìká rẹ̀, ó ń nà bọ̀ sí ojú ọ̀tún. Ṣíjúadé kúnlẹ̀.

"Mo fi ojú kan tó kù fún yín bẹ̀ yín, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ má wo ìyókù."

"Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ ni. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ó máa gbójú sókè."

"Kí lẹ fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe?"

Fọlárìn ti ṣí i. Ó mú un tóbi. Ó sún mọ́ ọn, ó tún mú un tóbi sí i. Ṣíjúadé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú tirẹ̀. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Ìyá Dúró," ó rọra pè é, "kí ló dé tó o fi pa iná?"

Aago méjì ọ̀sán ni. Oòrùn kún inú yàrá náà dé orí àjà.

Àwọn kan ń jiyàn pé òwe tí mo fẹ́ pa yìí dàgbà ju kámẹ́rà lọ. Àwọn yẹn kò bá wa dé ilé Fọlárìn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó bá wo ìwòkuwò, yóò rí ìríkurìí.