Ìbíronkẹ́ Tó Ya Òórùn Ọṣẹ Ní Fọ́tò
Lẹ́yìn tí Olóyè Akínfẹ́nwá, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tó tóbi jù nílùú Oǹdó, ti lé ayàwòrán mẹ́fà dànù, ó ránṣẹ́ pe Ìbíronkẹ́, ọmọbìnrin tí kò ní ju kámẹ́rà àlòkù kan lọ. Ó ní, “Ya òórùn ọṣẹ mi fún mi. Bí mi ò bá gbóòórùn rẹ̀ nínú fọ́tò, o ò ní yàwòrán fún oníṣòwò kankan nílùú yìí mọ́.” Ìbíronkẹ́ ní, “Ẹ fún mi ní ọṣẹ kan àti ọjọ́ mẹ́ta, bàbá.” Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti to ọṣẹ sórí aṣọ funfun, wọ́n ti fi òdòdó yí i ká, ṣùgbọ́n òun gbé ọṣẹ tirẹ̀ lọ fún ìyá àgbà kan tó máa ń wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ láràárọ̀. Ó lóṣòó tì wọ́n, kò ya nǹkan kan, títí màmá fi nu ọmọ tán, tó gbé e sókè, tó dijú, tó sì ti imú bọ ọmọ náà lọ́rùn. Ìgbà yẹn ló tẹ kámẹ́rà, ọṣẹ ṣì ń hó létí abọ́ ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé fọ́tò náà síwájú olóyè níṣojú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Olóyè wò ó, ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn, ó na imú sí i, ó sì fà á símú fìn-ìn. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé rẹ̀ ní, “Bàbá, bébà nìyẹn o!” Ìbíronkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò, bàbá, kí òórùn rẹ̀ má baà tán.” Olóyè di fọ́tò mú gírígírí, ó ní, “Fi í sílẹ̀! Ara gbogbo páálí ọṣẹ mi ló máa wà.”