Orúkọ tí Àwẹ̀ró Pè ní Èbúté-Oòrùn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àna mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹnu arúgbó, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́ṣínà, ọmọ Òkè-Àfọ̀n, ìlú tí òkúta pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, tí a ń gbin iṣu sínú pàlàpálá àpáta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dàgbà títí wọn yóò fi kú láìrí omi tó ju odò àfẹsẹ̀là lọ. Igbó tí mo ti wọ̀ kì í ṣe ọ̀kan, ẹranko tí mo ti bá tàkurọ̀sọ kì í ṣe méjì. Ẹfọ̀n bú mi rí, mo sì bú u padà. Ṣùgbọ́n ìrìn tí n ó sọ fún yín lónìí kì í ṣe ti igbó. Ìrìn fàájì ni, èyí tí èmi àti ìyàwó mi rìn nígbà tí osùn ìgbéyàwó kò tí ì ṣí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àárò ọjọ́ náà sì ń sọ mí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó mi. Ó pupa, ó ní èjí, bó bá rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń jà a gbàgbé ohun tó ń jà sí. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, kódà ọmọ ọwọ́ tó bá nílé ọkọ, dandan ni kó wá orúkọ mìíràn fún un. Àwẹ̀ró pe ẹ̀gbọ́n mi ní Baba Arẹwà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi burẹ́wà bí ọ̀bọ. Èmi ni ó pè ní Olówó-orí-mi. Nítorí pé "ọdẹ" wà nínú orúkọ mi, kò jẹ́ fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà rárá: "àwọn onígbó" ni ó ń pe gbogbo ọdẹ, èmi a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ wo ni yóò pe ìbọn ní igi aláriwo.

Nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó tán, mo bi í pé kí ló ń fẹ́. Mo rò pé aṣọ ni yóò sọ. Ó ní, "Ẹ mú mi lọ wo òkun. Wọ́n ní omi kan wà tí ojú kì í rí òdìkejì rẹ̀. Ó ti ń wù mí láti kékeré, n kò kàn rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ni." Ta ni ìyàwó ọ̀ṣìngín yóò bẹ̀ báyìí tí yóò kọ̀? Àna mi kan tó ti dé ìdálẹ̀ gbọ́, ó ní aà, oyin ìgbéyàwó lẹ fẹ́ lọ jẹ yẹn. Èmi ọdẹ gbọ́ oyin, mo di ògùṣọ̀ àti agbè, n kò mọ̀ pé fàájì tọkọtaya tuntun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, oyin tí kò ní afárá ni. A tọ ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ, a rìn títí ilẹ̀ fi di iyanrìn, a sì wọ Èbúté-Oòrùn.

Ní ìlú náà, oòrùn kì í jìnnà sí ènìyàn. Orí òrùlé ló ń jókòó sí, a sì máa bi àwọn aráàlú bóyá ooru ti tó àbí kí òun fi díẹ̀ sí i. Àwọn igi àgbọn a máa tẹríba fún ìyàwó tuntun. Ẹyẹ òfú kan tó dé fìlà abetí ajá ló pàdé wa lẹ́nu bodè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa mú tọkọtaya kiri ìlú, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sì wà nínú àpò ọ̀fun rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú oríire o! Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní o!"

"Àmín," ni ẹja inú ọ̀fun rẹ̀ wí.

Ó mú wa dé etíkun níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì jókòó lórí iyanrìn, tí wọ́n ń sọ ìtàn àwọn ìlú tí wọ́n ti dé, tí wọ́n sì ń parọ́ mọ́ ọn. Ó mú wa jẹ edé tútù, ó mú wa wo àwọn ilé funfun tí afẹ́fẹ́ ń fọ̀ láràárọ̀. Lẹ́yìn náà, a gun òkè iyanrìn kan, òkun sì yọ. Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró, ó di apá mi mú, ó ní, "Olówó-orí-mi, ó tóbi ju ohun tí mo ń lálàá rẹ̀ lọ." Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti pa erin rí, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Òfú kìlọ̀ fún wa. "Òkun yìí fẹ́ràn ọkọ ìyàwó jù. Baba, ẹ má kọjá ibi tí ìfófòó funfun dé."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àgbọ̀nrín kan fi yọ láàárín omi, ìpẹ́ ló wà lára rẹ̀ dípò irun, ó wò mí, ó sì na ìrù sí mi bí ẹni tó ń sọ pé ọdẹ òkè lásán ni ọ́. Ta ni yóò rí ìyẹn tí yóò dúró? Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, ìfófòó kọjá lẹ́yìn mi, omi sì padé lórí mi gbàgà bí ilẹ̀kùn.

Inú àgbàlá kan ni mo bá ara mi. Àwọn ọkùnrin jókòó síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ọkọ ìyàwó ni gbogbo wọn. Alákàn ńlá kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, tirẹ̀ sì yọ sókè gbọọrọ, ó ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn.

Ó ní, "Jókòó. Ẹni tó ni ọ́ yóò dúró létí omi. Bó bá pe orúkọ rẹ kí oòrùn tó wọ̀, n ó ṣílẹ̀kùn. Bí oòrùn bá wọ̀, o di tiwa nìyẹn."

Ara mi balẹ̀, mo ní ṣé ìyẹn náà nìkan ni. Àfìgbà tí mo gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró lókè: "Olówó-orí-mi! Olówó-orí-mi o!"

Gbogbo àwọn ọkùnrin inú àgbàlá náà ló dìde. Alákàn gbọn ọwọ́, ó ní, "Olówó-orí ta ni? Olówó-orí ni gbogbo wọn." Wọ́n tún jókòó.

Ó pè pé, "Ọkọ mi!" Wọ́n tún dìde. Baba arúgbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Baálé mi ni ìyàwó tèmi ń pè mí. Ó ṣì máa ń wá sétí omi ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń dáhùn, kì í gbọ́." Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Mo gbọ́ tí òfú ń sọ fún un lókè pé, "Ìyàwó, orúkọ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ pè é."

Ó ní, "Ẹnu mi ò lè gbé e. Ìyá mi ní àbùkù ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, ta ni yóò kó o?"

"Oòrùn ti ń fẹsẹ̀ kan omi o, ìyàwó!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po. "Onígbó-ló-la-ọ̀nà!" Alákàn mi orí. "Ẹni-tó-ń-pa-ẹran-tó-ṣílẹ̀kùn!" Alákàn ní ìyẹn sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Mo pariwo, "Àwẹ̀ró, pè é! Èmi ni mo ní kí o pè é!" Omi gbé ohùn mi mì. Mo ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń pọ́n lójú ilẹ̀kùn, mo ń ronú pé n kò tí ì jẹ ọbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ yó, n kò tí ì mọ bó ṣe ń sùn, a kò tí ì jà rí.

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tó kúnlẹ̀ nínú omi ṣìì. Ó ní, "Ìyá ọkọ mi, níbi tí ẹ wà, ẹ forí jì mí." Ó wá ké e láti ìsàlẹ̀ ikùn: "Ọdẹ́ṣínà! Ọdẹ́ṣínà o!"

Gbogbo ara mi jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pè mí rí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé mo lórúkọ. Ilẹ̀kùn ṣí, omi sì tu mí sórí iyanrìn níwájú rẹ̀. Kò lè wo ojú mi, ó fi gèlè bojú, ó ní, "Ẹ má bínú." Mo ní kó tún un pè. Ó ní, "Láé."

A padà sí Òkè-Àfọ̀n, a bímọ, a jà, a parí ìjà, n kò sì yéé bẹ̀ ẹ́. Mo fi ẹran bẹ̀ ẹ́, mo fi aṣọ ẹtù bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan lóko, mo fara pamọ́ sínú igbó kó lè rò pé mo sọ nù, ó kàn ní, "Olówó-orí-mi, ẹ jáde, ẹsẹ̀ yín yọ síta."

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn gbé e dálẹ̀, mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Àwẹ̀ró, jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo fi pamọ́ ni. N ò ní tètè pè yín, àwọn ọmọ ṣì kéré. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ kí ẹ máa bọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéyàwó, ọ̀wọ̀ dára, mo jẹ adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá wà lẹ́nu yín tó lè gba ẹnìkejì yín là, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú bá yín gbé e mì. Kí oòrùn tó wọ̀ ni kí ẹ sọ ọ́. Mo dágbére fún yín o, kí Elédùmarè má fi ìfẹ́ yín dù yín. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n ti bímọ tiwọn, n kì í sì í wọ igbó mọ́. Ẹnu ọ̀nà yìí ni mò ń jókòó sí, tí mò ń tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ lọ́jọ́ kan tí mo dáhùn pé, "Mò ń bọ̀ o," tí ẹ kò sì rí ẹni tó pè mí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè mí padà.