Igbà Tí Wọ́n Gé sí Méjì

Ọkùnrin kan wà, akọ̀pẹ ni. Ọ̀pẹ ni ó ń gùn, ẹyìn ni ó ń kọ, epo rẹ̀ ni ó sì fi tọ́ ilé. Ìyàwó méjì ni ó ní, ìyàwó kọ̀ọ̀kan sì bí ọmọkùnrin kan fún un.

Igbà kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ní, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì lọ́ ọ. Ó la imọ̀ ọ̀pẹ, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó sì lọ́ ọ ní fọ́nrán mọ́ fọ́nrán títí ó fi nípọn tó ọrùn ọwọ́, tí ó sì gùn tó láti yí ènìyàn àti ọ̀pẹ ká. Ẹ̀yin náà ti rí akọ̀pẹ lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ẹ mọ̀ pé inú igbà ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Yóò fi ẹ̀yìn tì í, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ara ọ̀pẹ, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀ fún àáké.

Ó kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì ní iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó ń tẹnu mọ́ fún wọn kò pọ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi okùn ọjà gun ọ̀pẹ láé, nítorí okùn ọjà kò mọ ọ̀pẹ. Ó ní bí ẹnì kan bá wà lókè, kí ẹnì kejì wà nísàlẹ̀, kí ó máa wo igbà fún un, kí ó sì máa pè é. Ó ní ẹni tí ó bá pa ọ̀kan mọ́ tí ó sì fi èkejì sílẹ̀, kò tíì kọ́ṣẹ́.

Ọkùnrin náà kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí péjọ láti pín ogún. Ìdí igi ni wọ́n fi ń pín in ní ìdílé wọn: iye ìyàwó tí olóògbé ní, iye ọ̀nà náà ni ogún rẹ̀ yóò pín sí. Wọ́n pín ilẹ̀. Wọ́n pín ewúrẹ́, wọ́n pín àáké àti ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹyìn. Ó wá ku igbà.

Ẹnì kan dá a lábàá pé kí wọ́n jọ máa lò ó. Ẹ̀gbọ́n ní bí ó bá fi lè wọ ilé àbúrò, kò ní jáde mọ́. Àbúrò ní bí ó bá wọ ilé ẹ̀gbọ́n, wọn yóò máa ṣe bí ẹni pé àwọn nìkan ni bàbá bí. Olórí ẹbí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ṣe ojúsàájú. Ó ní kí wọ́n gbé àdá wá. Ó ká igbà náà sí méjì dọ́gbadọ́gba, ó sì gé e. Gbogbo ènìyàn yìn ín. Wọ́n ní ta ni yóò rí àbùkù nínú irú ìpín báyìí? Àwọn àgbàlagbà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ti ń jẹ epo láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rántí pé ìdajì igbà kì í ṣe igbà kékeré. Kì í ṣe igbà rárá.

Ẹ̀gbọ́n gbé ìdajì tirẹ̀ kọ́ sára ògiri pálọ̀. Bí àlejò bá wọlé, yóò fi hàn án. Yóò ní ibi tí ẹ̀yìn bàbá mú dán wà lára rẹ̀, pé òun kì í ṣe irú àwọn ọmọ tí í sọ ohun bàbá wọn nù. Kò gun ọ̀pẹ mọ́, nítorí kò ní ohun tí yóò fi gùn ún. Ọmọ akọ̀pẹ wá ń ra epo ọjà.

Àbúrò ní tirẹ̀ lọ ra okùn ọ̀rá, ó so ó mọ́ ìdajì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ta kókó sí i, ó sì ń gun ọ̀pẹ. Ó máa ń sọ fún àwọn tí ó bá dúró wò ó pé, “Ẹ̀gbọ́n mi fi igbà ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ẹ bá mi bi í bóyá ògiri rẹ̀ ti ń so ẹyìn.” Wọn yóò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n a sì dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pé okùn tí àwọn fi ń sá aṣọ ni ẹnì kan fi ń wá ikú lókè. Ẹ̀gbọ́n a máa gba ìdí ọ̀pẹ tí àbúrò rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kọjá lọ sóko. Kì í gbójú sókè.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan. Àbúrò gun ọ̀pẹ láàárọ̀, ara ọ̀pẹ ń yọ̀, kókó náà sì tú. Ó já bọ́. Itan rẹ̀ ṣẹ́, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Àwọn tí ń kọjá lọ sóko ni wọ́n gbé e wálé.

Ìròyìn dé ilé ẹ̀gbọ́n. Inú àwọn kan dùn níbẹ̀, wọn kò sì fi pamọ́. Wọ́n ní bàbá ti kìlọ̀, ẹni tí ó kọ ìkìlọ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ ìyà rẹ̀. Olórí ẹbí náà wá. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ilé àbúrò títí yóò fi jẹ́wọ́ níwájú ẹbí pé òun ṣe òdì sí ọ̀rọ̀ bàbá. Ó ní ẹni tí ó bá lọ kí i ti fọwọ́ sí okùn ọ̀rá nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ń wo ara ògiri. Nígbà tí ó pẹ́, ó dìde, ó sì já ìdajì igbà náà kalẹ̀. Olórí ẹbí bi í pé níbo ló ń gbé e lọ.

Ó ní, “Bàbá mi ní kí n má fi okùn ọjà gun ọ̀pẹ. N kò fi gùn ún. Àmọ́ ó tún ní bí ẹnì kan bá wà lókè, kí ẹnì kejì wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi já bọ́, ta ló wà nísàlẹ̀?”

Olórí ẹbí sọ fún un pé bí ó bá fi lè wọ ilé yẹn, kí ó má wá jókòó nínú ìpàdé ẹbí mọ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni olórí ẹbí, bàbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ bí wa.”

Ó sì jáde.

Àbúrò wà lórí ẹní nígbà tí ó wọlé. Ó rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wá fi ìyẹn nà mí ni?”

“Ó yẹ kí n nà ọ́. Tìrẹ dà?”

Wọ́n gbé tirẹ̀ wá pẹ̀lú okùn ọ̀rá lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gé okùn ọ̀rá náà kúrò, ó sì sọ ọ́ síta. Àbúrò ní kí àwọn kúkú so ìdajì méjèèjì pọ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ó ní kókó ló sọ ọ́ kalẹ̀, òun kò ní ta òmíràn. Igbà tí wọ́n bá ti gé, títú ni à ń tú u, kí a tó tún un lọ́.

Wọ́n tú u. Ẹ̀gbọ́n lọ gé imọ̀ tuntun, ó là á, ó rẹ ẹ́ sínú omi bí bàbá wọn ti máa ń ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní aláìsàn ni wọ́n ti ń lọ́ ọ, nítorí ọwọ́ àbúrò kò ṣẹ́. Wọ́n jiyàn púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní apá ọ̀tún ni bàbá máa ń lọ́ ọ sí, àbúrò ní apá òsì ni. Kò sí ẹni tí ó gbà fún èkejì kí ọ̀rọ̀ sáà lè tán. Wọn yóò dúró, wọn yóò yẹ ibi tí ọwọ́ bàbá ṣì wà lára fọ́nrán àtijọ́ wò, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọn yóò sì tẹ̀ lé. Àbúrò ló jàre nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n ló jàre nígbà mìíràn. Nígbà tí igbà náà parí, kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ibi tí tẹnì kan parí sí.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ fi í gun ọ̀pẹ. Wọ́n gbé àbúrò jókòó sí ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ níwájú rẹ̀, ó ń wòkè, ó ń pè é pé kí ó gbé igbà sókè, kí ó ṣọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ẹbí yọ ẹ̀gbọ́n kúrò nínú ìpàdé wọn lóòótọ́. Wọ́n sì ń wá ra epo lọ́dọ̀ rẹ̀.

Díákónì, àkàwé mi nìyẹn. Ẹ wá kí mi lánàá nítorí ìyàwó mi tó di olóògbé, mo sì dúpẹ́. Kí ẹ tó dìde, ẹ ní kí n má jẹ́ kí àwọn ìyá ìjọ òdìkejì títì wọ ibi ìsìn ìdágbére rẹ̀, nítorí ife kéékèèké ni wọ́n fi ń gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ife kan ṣoṣo sì ni tiwa. Lórí èyí ni ìjọ wa ṣe pín sí méjì, lórí èyí ni a kì í ṣe kí ara wa mọ́. Ilé kún lánàá, n kò lè fèsì. Èsì mi rèé.

Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni wọ́n ń wẹ ìyàwó mi nígbà tí kò lè dìde mọ́. Wọn kò bi í léèrè irú ife tí ó fi ń mu. Ẹ̀yin mọ iye àwọn ará ìjọ tiwa tí ó wá.

N kò sọ pé ohun tí Ìwé Mímọ́ wí kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀rá ni gbogbo okùn tí kò ti inú rẹ̀ wá, yóò sì tú lọ́jọ́ kan. Bí àwọn ará ìhà kejì bá ṣì í kà, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó tì wọ́n, ká jọ ṣí i, ká jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí àwa ni a ṣì í kà, kí wọ́n fi hàn wá. Àmọ́ ìwé tí ó ní ká di òtítọ́ mú, òun náà ló ní ká fẹ́ràn ara wa. Ẹ kò lè gé e sí méjì kí ẹ gbé ìdajì kọ́ ògiri, kí ẹ wá ní mo ń sọ ọ̀rọ̀ Olúwa nù.

Olúwa kò sọ pé ife ni ayé yóò fi mọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun. Ìfẹ́ ló wí. Ẹ lọ tún un kà, kí ẹ sì wo àmì tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà àti lábẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ orúkọ mi nínú ìjọ, ẹ yọ ọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ìjókòó iwájú ni àwọn ìyá náà yóò wà. Ẹ̀yin náà, ẹ wá. Mo ti fi àyè yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.