Ìlédìí Fọlárìn

Màmá Ìrẹ̀sà kì í gba àríyànjiyàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ló pàṣẹ fún Akinṣọlá, ọkọ ọmọ rẹ̀: "Wọ ìlédìí fún Fọlárìn kí n rí i. O ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ké. Bí o bá kùnà, èmi àti ọmọ ń lọ sílé mi lónìí." Fọlárìn nìyí, ọmọ tó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀! Bàbá fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ó ti dojú bolẹ̀; bàbá yí i padà, ọmọ ti rá wọ abẹ́ àga níhòòhò. Orí Akinṣọlá dàrú. Kò mọ iwájú ìlédìí mọ́, kò mọ ẹ̀yìn, díẹ̀ ló kù kó dì í mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ló bá gbé ọmọ padà sórí ẹní, ó tẹ́ ìlédìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sí òdìkejì aṣọ náà, ó ń fi ṣíbí lu agolo. Fọlárìn yí gbìrì, ó dojú bolẹ̀ sórí aṣọ, ó nawọ́ sí agolo. Bàbá gbé e fún un, ó fa aṣọ gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ta kókó sẹ́yìn. Màmá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò yé e. "Ta ló ń di ìlédìí sẹ́yìn?" "Ẹ má bínú, Màmá, ẹ ò sọ ibi tí kókó máa wà. Ibi tí ọmọ ń yí sí ni mo tẹ́ aṣọ sí." Màmá gbé àpò rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà wá wo kókó náà, ó mirí. Òun nìkan ló wọkọ̀ lọ.