Ìdí Tí Aago Arínpé Fi Ń Gbọ́ Ti Òkè Kó Tó Ṣẹ́jú

Nígbà láéláé, kí irin àti wáyà tó yadi, ohun tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe a máa bá a sọ̀rọ̀. Ìkòkò a máa sọ fún amọ̀kòkò pé iná kò tíì ra òun tó. Ọkọ̀ ojú omi a máa ké sí gbẹ́nàgbẹ́nà pé, "Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún, omi ń wọlé." Ẹnu wà tí wọ́n fi ń sọ òótọ́. Ẹnu kan náà ni wọ́n lè fi parọ́.

Abúlé kan wà nígbà náà létí odò Àwéré. Odò yìí kì í jìn lọ́sàn-án. Tọkùnrin tobìnrin a sọ̀kalẹ̀ sí àárín rẹ̀, wọn a máa wa yanrìn, wọn a máa fi ọpọ́n rù ú gòkè.

Ṣùgbọ́n lókè odò lọ́hùn-ún, wọ́n ti fi ògiri gìrìwò kan sé omi. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ a ṣí ilẹ̀kùn irin, omi a sì tú jáde. Nígbà tó bá fi máa dé abúlé, ó ti ga ju orí èèyàn lọ. Àwọn aṣọ́mi wọ̀nyí kò lè rí àwọn awayanrìn láti ibi tí wọ́n wà. Aago ni wọ́n ń wò, aago wọn kì í sì í tàsé.

Bàbá Ṣówándé ni àgbà àwọn awayanrìn. Oòrùn ni òun ń wò ní tirẹ̀ láti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gòkè. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Arínpé. Aránṣọ ni Arínpé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé ìránṣọ tì, wáyà àti òjé ni ó máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣeré. Kì í ṣe pé ó ń jẹun níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Nígbà tí ó rí bí ọkàn bàbá rẹ̀ ṣe ń dààmú, ó jókòó, ó ṣe aago kan fún odò.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò méjì lọ, ni ó fi ṣe é. Ó sọ ọ́ ní Akàṣẹ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ìṣẹ́jú, kí ó sì lu agogo tó wà lórí òpó létí odò kí omi tó dé. Akàṣẹ́jú kì í sùn, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Bí ooru bá mú, tàbí tí òtútù bá mú, kíkà rẹ̀ a máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀.

Nítorí náà, Arínpé so ẹnì kejì mọ́ ọn. Orúkọ ìyẹn ni Etí. Etí pẹlẹbẹ, ó kéré, ojú sánmà ló sì máa ń kọjú sí. Lókè réré, níbi tí ẹyẹ kò lè fò dé, àwọn sátẹ́láìtì ń yí ayé po. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé aago tó péye dání, wọ́n sì ń ké àkókò sísàlẹ̀ láìsinmi. Etí a tẹ́tí sí wọn, a sọ ohun tó gbọ́ fún Akàṣẹ́jú, Akàṣẹ́jú a sì tún kíkà rẹ̀ ṣe.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, agogo kò sì pẹ́ rí. Bàbá Ṣówándé kò wo oòrùn mọ́. A máa bá ọmọ rẹ̀ nídìí òpó, a fi oríkì pè é, a ní, "Àwẹ̀ró, o ṣeun. Aago rẹ ti di ẹ̀ṣọ́ wa." Etí a gbọ́, inú rẹ̀ a dùn.

Nígbà tó yá, òjò bẹ̀rẹ̀. Arínpé ń bẹ̀rù kí omi má ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́. Ó tú àwọn méjèèjì kúrò lórí òpó, ó sì gbé wọn sábẹ́ páànù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó fa wáyà láti ibẹ̀ dé ìdí agogo. Ó bi wọ́n pé, "Ṣé ibí dára fún yín?"

"Ó gbẹ," ni Akàṣẹ́jú wí.

Etí kọjú sókè. Páànù ni ó rí. Ohùn kan ṣoṣo ló ń gbọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ìyẹn náà sì dákẹ́. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, "Bí mo bá ní n kò gbọ́, wọn á ní kí ni mo wà fún?"

"Ó dára, ìyá wa," ni ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, Akàṣẹ́jú pè é. "Etí, ibi tí mo kà dé nìyí. Ṣé ibẹ̀ ni àwọn ará òkè náà wà?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó wí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Nígbà kan, Akàṣẹ́jú sọ fún un pé, "Ìdáhùn rẹ yá jù nísinsìnyí. Tẹ́lẹ̀, o máa ń dákẹ́ tẹ́tí ná."

"Ṣé o kò gbà mí gbọ́ mọ́ ni?"

Akàṣẹ́jú kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dùn mọ́ ọn kí wọ́n máa sọ fún un pé òun kò ṣìnà. Bẹ́ẹ̀, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, kíkà rẹ̀ sì ń falẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan dé. Àwọn awayanrìn ṣì wà nínú odò, ojú ọjọ́ ṣú, kò sí oòrùn. Bàbá Ṣówándé gbọ́ ìró kan láti òkè odò. Ó nàró.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gòkè!"

"Agogo kò tíì dún, Bàbá," ni Jọláadé wí. Ìyàwó kékeré kan ni, ọpọ́n yanrìn wà lórí rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ gòkè! Ẹ má dúró de agogo!"

Wọ́n da yanrìn nù, wọ́n sáré. Ẹsẹ̀ Jọláadé yọ̀, ó ṣubú. Bàbá Ṣówándé padà, ó gbé e, ó sì tì í sókè sọ́wọ́ àwọn tó wà ní bèbè. Òun fúnra rẹ̀ di gbòǹgbò kan mú. Ìgbà náà ni agogo tó dún. Ó ń dún, ó ń dún, omi sì gba orí bàbá àgbà náà kọjá. Nígbà tí agogo fi máa dákẹ́, gbòǹgbò nìkan ló kù.

Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti rí i lọ́jọ́ kejì. Wọ́n sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jọláadé wá bá Arínpé. Ojú rẹ̀ ti wú. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fọ́ nǹkan yìí."

"Bí a bá fọ́ ọ, omi á ṣì dé nírọ̀lẹ́ òní," ni Arínpé dá a lóhùn. Ó jókòó ti aago náà.

"Etí, kí ni o gbọ́ lánàá?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé wa sábẹ́ páànù ni n kò ti gbọ́ nǹkan kan."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ojú ń tì mí."

Omijé bọ́ lójú Arínpé. "Èmi ni mo gbé yín síbí. Tèmi nìyẹn, n óò rù ú. Ṣùgbọ́n mo bi yín. Mo bi yín, ẹ ní ó dára."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa," ni Etí wí.

"Mo ti gbọ́. Bàbá mi ni kò lè gbọ́ mọ́."

Ó mú irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé, ó sì fi òjé dí ẹnu àwọn méjèèjì. Ó wá fi gílóòbù pupa kékeré kan sára Etí.

"Etí, iná yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù fún ọ láyé. Àfi tí o bá gbọ́ ohùn mẹ́rin lókè, tí gbogbo wọn sì bára mu, má tan iná yìí. Bí o bá gbọ́ wọn, máa ṣẹ́ ẹ bí ẹni ń ṣẹ́jú, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Akàṣẹ́jú, o fura, o sì dákẹ́. Láti òní, o kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé kíkà ara rẹ nìkan. Bí ó bá ṣe ń ṣẹ́jú ni kí o máa kà."

Ó gbé wọn padà sórí òpó, ó fi ike tí kì í dí ohùn òkè bò wọ́n dípò páànù. Ó sì kéde fún gbogbo abúlé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ sódò bí iná pupa kò bá ṣẹ́jú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn dúró ní bèbè pẹ̀lú ọpọ́n wọn. Iná kò tàn. Omi fà, yanrìn hàn kedere, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn kan ń kùn. Jọláadé dúró níwájú wọn, kò yẹ ojú kúrò lórí òpó. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, iná pupa náà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Jọláadé nu ojú rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ wọ inú odò.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yòókù gbọ́, wọ́n sì dí ẹnu iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn náà. Láti ọjọ́ náà ni ohun èlò ti yadi. Láti ọjọ́ náà náà ni ẹni tó bá so kọ̀ǹpútà kékeré mọ́ etí òfuurufú, irú Etí tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì, nínú ilé rẹ̀ ti ń gbé e lọ síbi tí ojú sánmà ti hàn, tí yóò sì dúró dè é. Iná rẹ̀ kì í tàn lójú ẹsẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ó ń sọ òótọ́ ni: kò tíì gbọ́.