Ẹyin Àjàgbé

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò dé ẹ̀yìnkùlé. Àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Orí Àwẹ̀ró ìyá Àjàgbé ló bà lé, àti orí adìẹ tó ń sùn lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àlọ́ yìí lórin. Bí mo bá ti dá a, kí ẹ fi "Àjàgbé kò jẹ" gbè é. Ẹ má fi ẹ̀rín gbè é o, kì í ṣe orin ẹ̀rín.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ń gbọ́ èdè ara wọn, obìnrin kan wà ní ìlú Ìdí-Òro, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ó wá ọmọ títí kó tó rí Àjàgbé bí. Oko ẹgàn ni ọkọ rẹ̀ ń gbé, ìyá ọkọ rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà ló ń bá a tọ́jú ọmọ. Àjàgbé mu ọmú, ó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀. Nígbà tó yá, eyín hù lẹ́nu rẹ̀. Bí àwọn àgbà bá ń jẹun, ojú rẹ̀ a máa tẹ̀lé ọwọ́ wọn láti inú àwo dé ẹnu, láti ẹnu padà sínú àwo.

Ìyá Àgbà rí i. Ó pe Àwẹ̀ró, ó ní ọmú nìkan kò tó ọmọ yìí mọ́. Ó ní kí ó máa fún un lọ́mú lọ, ṣùgbọ́n kí ó máa po ògì tó ki, kí ó máa lọ ẹ̀wà kó kúnná, kí ó máa yọ egungun ẹja fún un, kí ó máa fọ́ ẹyin sí i, kí ó máa bù ú láti inú ìkòkò tí gbogbo ilé ń jẹ. Àwọn ẹranko àdúgbò gbọ́, wọ́n ní àwọn náà yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.

Adìẹ ló kọ́kọ́ dé. Ó yé ẹyin kan kalẹ̀, ó ní, "Ìyá Àjàgbé, ẹyin yìí, ti Àjàgbé ni."

Àwẹ̀ró dúpẹ́. Ó se ẹyin, ó bó o. Ẹyin ń dán, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, ebi sì ń pa Àwẹ̀ró. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ ò mọ bí ebi ṣe ń pa ìyá ọlọ́mú. Ó rántí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbà Ìdí-Òro máa ń sọ, pé ọmọ tó bá fi kékeré jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun sọ ọmọ òun di olè. Ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ògiri, ó gbé ọmọ lé itan. Àjàgbé nawọ́. Ó ti ọwọ́ ọmọ sẹ́yìn, ó ju ẹyin sẹ́nu, kàló! Ó po ògì tó ṣàn bí omi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dá ẹnu ọmọ, ó rọ ọ́, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀. Ó nu ẹnu ara rẹ̀. Ojú tì í lọ́jọ́ náà, ojú tì í gan-an. Àmọ́ ta ló rí i? Ògiri ni, ògiri kò sì ní ẹnu.

Nígbà tó ṣe, Ọ̀nì wọ́ ìrù dé láti odò, wọ́rọ́-wọ́rọ́. Ó gbé ẹja tútù kan kalẹ̀, ó ní, "Ìyá Àjàgbé, ẹja yìí, ti Àjàgbé ni."

Àwẹ̀ró dúpẹ́. Ó se ẹja. Ó ní egungun ẹja lè há ọmọ lọ́fun. Ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ògiri, ó gbé ọmọ lé itan. Àjàgbé nawọ́. Ó ti ọwọ́ ọmọ sẹ́yìn, ó gbé ẹja mì, kàló! Ó rọ ọmọ ní ògì omi, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀. Ó nu ẹnu. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́.

Nígbà tó tún ṣe, Òkété ru ẹ̀wà dé láti oko, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó ní, "Ìyá Àjàgbé, ẹ̀wà yìí, ti Àjàgbé ni."

Àwẹ̀ró dúpẹ́. Ó se ẹ̀wà, ó fi epo sí i. Ó ní ẹ̀wà a máa wú ọmọ níkùn. Ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ògiri, ó gbé ọmọ lé itan. Lọ́tẹ̀ yìí Àjàgbé kò nawọ́ mọ́. Ó kàn ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Kàló, kàló, kàló! Ògì omi tẹ̀lé e, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀. Ojú kò tì í rárá.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ọrùn Àjàgbé wá tín-ín-rín, irun rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ yọ síta. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rá, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró, Àjàgbé jókòó gẹlẹtẹ. Ẹ̀rù ń ba Ìyá Àgbà pé ọmọ náà fẹ́ bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó bi Àwẹ̀ró bóyá ọmọ ń jẹun. Àwẹ̀ró ní ó ń jẹ, ó ń yó. Ṣùgbọ́n kò lè wo ojú ìyá arúgbó náà.

Àṣé kì í ṣe ògiri nìkan ló rí i. Adìẹ wà lábẹ́ ibùsùn. Lọ́jọ́ kan ó jáde, ó kúnlẹ̀, ó bẹ Àwẹ̀ró pé kó jọ̀wọ́, kó fi tọmọ sílẹ̀ fọ́mọ. Àwẹ̀ró na ọ̀bẹ sí i, ó ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá ta sí ẹnikẹ́ni létí, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni Adìẹ yóò sùn. Adìẹ panu mọ́. Ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ̀mí dùn.

Ní Ìdí-Òro, àṣà kan wà. Bí àgbàdo titun bá ti gbó, wọn a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi òro, wọn a gbé àwọn ọmọ tó tó rìn sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ a sì rìn lọ bá ìyá bàbá rẹ̀. Èyí tó bá rìn, ìlú a pàtẹ́wọ́. Èyí tí kò bá lè dúró, ìlú a bi ìyá rẹ̀ léèrè.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ ń rìn, tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀, ìlú ń pàtẹ́wọ́. Ó kan Àjàgbé. Ìyá Àgbà la apá, ó ń pè é. Wọ́n gbé e dúró, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú jọ̀ọ̀. Wọ́n tún gbé e dúró, ó tún ṣubú. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Baálẹ̀ bi Àwẹ̀ró pé kí ni ọmọ yìí ń jẹ. Ó yẹ kó sọ òótọ́ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹyin Adìẹ ni, àti ẹja Ọ̀nì, àti ẹ̀wà Òkété. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi sí i."

Inú bí ìlú. Wọ́n di Ọ̀nì, wọ́n di Òkété. Wọ́n mú Adìẹ, wọ́n gbé ọ̀bẹ lé e lọ́rùn. Adìẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọrin kan kí òun tó kú. Ẹ gbè é o.

Mo yé ẹyin, mo fi fún ọmọ,
*Àjàgbé kò jẹ.*
Ọ̀nì gbé ẹja, ó fi fún ọmọ,
*Àjàgbé kò jẹ.*
Òkété ru ẹ̀wà, ó fi fún ọmọ,
*Àjàgbé kò jẹ.*
Ògì omi ni, omi lásán,
*Àjàgbé kò jẹ.*
Ta ló jẹ ẹ́ o, ta ló yó?
*Àjàgbé kò jẹ.*

Àwẹ̀ró ní irọ́ ni Adìẹ ń pa. Baálẹ̀ ní kí wọ́n wá ẹyin kan. Wọ́n sè é, Ìyá Àgbà bó o, ó fi lé Àjàgbé lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ń retí kí ọmọ gbé e sẹ́nu.

Àjàgbé wo ẹyin. Ó yíjú, ó wá ìyá rẹ̀. Ó na apá tín-ín-rín náà, ó sì gbé ẹyin náà sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Ibi tó mọ̀ pé ẹyin ń lọ nìyẹn. Kò rí i kó lọ síbòmíràn rí. Ó ń rọra tì í sí i, bí ẹni tó ń fún ènìyàn lóúnjẹ.

Àwẹ̀ró di ẹnu pinpin. Ojú tì í, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò gbé là kí ó wọlé sí, ilẹ̀ kò là.

Baálẹ̀ ya ẹnu láti bá a wí. Ó wá rántí ẹni tó ń jẹ ẹyin nílé tirẹ̀. Ó rántí pé àgbà ló ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè, kì í ṣe ọmọdé. Ó pa ẹnu dé, ó wo ilẹ̀. Àwọn ìjòyè wo ilẹ̀. Àwọn bàbá wo ilẹ̀, àwọn ìyá wo ilẹ̀. Ẹni tó mú ọ̀bẹ tú Adìẹ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an.

Àwẹ̀ró gba ẹyin lọ́wọ́ ọmọ, ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó gbé díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní, "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Tìrẹ ni." Àjàgbé jẹ ẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó tún la ẹnu.

Nígbà tí àgbàdo mìíràn gbó, Àjàgbé rìn lórí ẹní, tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀, ó lọ bọ́ sí apá Ìyá Àgbà. Ìlú pàtẹ́wọ́. Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn èrò, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Adìẹ kò ti yé ẹyin ní ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Bó bá ti yé e tán, a ké kí gbogbo ilé gbọ́, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ́! Kí ó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò mọ̀ pé ẹyin wà nílé.

Àlọ́ mi kọ́ wa pé ọmọ kò lè fi ẹnu bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí náà kí àgbà bẹ̀rù ojú ọmọ ju ojú ìlú lọ. Ohun tó dára nínú ìkòkò, tọmọ ni ká kọ́kọ́ bù. Ibi tí mo bá a dé nìyí. Bí mo bá parọ́, kí adìẹ ìyá yín yé ẹyin lọ́la kó má ké.